Ọwọ́ Ìyá Mi Kò Kan Okùn Kànga Yẹn

Wọ́n lé ìyá mi kúrò nílé nítorí epo tí kì í ṣe òun ló dà á sínú kànga.

Mo fẹ́ kí gbólóhùn yẹn dá dúró bẹ́ẹ̀, láìsí "bóyá" nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn "bóyá" ni àwọn tó jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí ń sá sí láti ìgbà náà. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní Àgùdà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ kan tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, tí kànga sì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi ti kú. Yàrá kan ni èmi àti ìyá mi ń gbé, kẹrosíìnì ló sì ń tà lẹ́nu ọ̀nà láti fi rán mi lọ sí yunifásítì: dúrọ́ọ̀mù kan, àrọ kan, àwọn ìgò tó tò sórí pákó, àti àkísà tó fi ń nu ọwọ́.

Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò lára ẹni tó bá ń tà á. Ó wà nínú irun ìyá mi, ó wà nínú gèlè rẹ̀, ó wà láàárín ewé Bíbélì rẹ̀ pàápàá. Òun náà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣe òfin kan fún ara rẹ̀ tí mi ò rí i kó rú u rí. Kò ní fọwọ́ kan okùn kànga. Dòrò kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń fa omi, èyí tí wọ́n gé lára rọ́bà inú táyà mọ́tò, okùn kan náà ni gbogbo ọwọ́ sì ń dì mú. Tí ìyá mi bá fẹ́ pọn omi, á lọ dúró lẹ́bàá kànga, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ń bá wí, á wá ké sí mi.

"Ọwọ́ mi dà? Ọwọ́ mi, máa bọ̀ o, omi ti tán!"

Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, Ọwọ́ mi. Mo ti dàgbà, mo ti ń lọ sí Yaba lójoojúmọ́ láti kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, síbẹ̀ tí mo bá ti wọlé, kí n tó bọ́ bàtà, orúkọ tí màá gbọ́ nìyẹn. Èmi ni màá fa omi, èmi ni màá dà á sínú garawa rẹ̀. Òun á dúró, á máa sọ̀rọ̀ fún mi, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé ọwọ́ ìyá mi kò kan okùn kànga yẹn, kì í ṣe pé ìfẹ́ òbí ló ń gùn mí. Èmi ni ọwọ́ náà.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ni mo yàn láàyò nínú ẹ̀kọ́ mi. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbogbo kẹrosíìnì tí mo tà yìí, kó o lè wá sọ fún mi pé omi wà nísàlẹ̀ kànga?"

"Màmá, omi yẹn kì í dúró lójú kan. Ó ń rìn. Àárín yanrìn ló ń gbà, díẹ̀díẹ̀, láti ibi tó ga lọ síbi tó rẹlẹ̀."

"Ó ń lọ síbo?"

"Ó ń lọ sí kánáà ìsàlẹ̀ àdúgbò."

Ó wo kánáà lọ́kàn, pẹ̀lú ẹ̀gbin inú rẹ̀ àti òkú ewúrẹ́. "Ó mà ṣe o," ló wí. "Kó má yára o."

Kò yára. Omi abẹ́ ilẹ̀ ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Àmọ́ ohunkóhun tí ẹ bá gbé lé e lọ́wọ́ lókè àdúgbò, á gbé e débi tó ń lọ. Lókè àdúgbò wa, níbi tí òpópónà ti pàdé títì ńlá, ilé epo kan wà níbẹ̀. Lójú gbogbo wa nígbà náà, ilé epo náà kò kàn wá ju pé ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ra ọjà rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà níwájú ilé, ikọ́ nìkan ló ń wú. Tí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Kànga ni gbogbo wa gbójú lé. Bàbá onílé, àgbàlagbà Ìjẹ̀bú kan tó ti ṣe bíríkìlà kó tó di onílé, ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Ó fi páànù bo ẹnu rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á fi ágádágodo tì í, á gbé kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Tó bá kírun àsùbáà tán, á ṣí i. Omi àkọ́fà, ti ìyá ẹlẹ́wà ni. Òun ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni, ìdájí ló sì ń se ẹ̀wà tó ń gbé lọ tà fáwọn èrò ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ gan-an. Bí òjò ṣe ń dáwọ́ dúró ni òórùn bẹ̀rẹ̀ nínú omi kànga. Lọ́jọ́ kan, ìyá ẹlẹ́wà ti Ìdó dé kí oòrùn tó ga, pẹ̀lú ìkòkò tó ṣì kún dẹ́nu. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú dúrọ́ọ̀mù ìyá mi.

"Ìyá elépo, ẹ wá gbóòórùn ohun tẹ́ ẹ fi mí ṣe. Alárù kan bi mí níṣojú gbogbo èrò pé ṣé ẹ̀wà ni mo sè ni, àbí mo fẹ́ tan àtùpà."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ìkòkò. "Kẹrosíìnì ni," ló wí.

"Ẹ ṣeun. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

"Mo ní kẹrosíìnì ni. Mi ò ní tèmi ni."

"Ta ló tún ń tà á nínú ilé yìí? Èmi ni? Àbí adìẹ Bàbá onílé?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ìyá mi pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣìṣe wọn, nítorí wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Lóru, tí ẹnikẹ́ni kò bá fa omi, èyí tó bá omi jò wọ inú kànga láti ara ilẹ̀ á léfòó, á kóra jọ sójú omi. Dòrò àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló máa bù ú. Tó bá fi máa di ọ̀sán, tí gbogbo ilé ti fa omi, òórùn náà á ti rọlẹ̀. Ohun tí àwọn ará ilé rí ni pé ìdájí ni omi ń rùn. Wọ́n tún rí i pé ìdájí ni ìyá mi ń jí láti tajà fún àwọn tó ń tètè jáde. Wọ́n ro méjèèjì pọ̀.

Mo lọ bá Bàbá onílé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Bàbá, abẹ́ ìrọ̀rí yín ni kọ́kọ́rọ́ kànga ń sùn. Báwo ni màmá mi ṣe máa rí i da epo sí?"

"Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é á ṣe é lọ́sàn-án gangan."

"Tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, kí ló dé tó jẹ́ àárọ̀ ló ń rùn jù?"

"Ìwọ ọmọ yunifásítì," ló wí, "ìyẹn ni kó o lọ bi màmá ẹ."

Bàbá yìí ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà parí ẹjọ́ nínú ilé rẹ̀. Tí nǹkan bá sọnù, á fa omi kànga, á bù ú sínú ife kan, olúkúlùkù á mu níbẹ̀, á sì sọ pé tí òun bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí omi náà bá òun jà. Mùsùlùmí mu ún rí, Kristẹni mu ún rí. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́: ìgbà kan tí wọ́n jí ìkòkò, ife kò tíì dé ọwọ́ olè tó fi bú sẹ́kún. Ní Sátidé ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde kí àkókò tó pé, ó kó gbogbo wa jọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn tí a gbálẹ̀ tán. Kò tíì sẹ́ni tó fa omi láàárọ̀ yẹn. Dòrò àkọ́kọ́ ló fi bu ife náà kún. Mo rí àwọ̀ tó ń dán lójú omi náà, bíi ti ọrùn ẹyẹlé.

Wọ́n mu ún. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa wọn: pẹ̀lú ìgboyà ni wọ́n mu ún. Ẹlòmíràn di imú. Ìyá ẹlẹ́wà mu tirẹ̀, ó wúkọ́, ó tún mu sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun tú u dà nù. Ife dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró, ó na ọwọ́ náà.

Mo gba ife, mo da omi inú rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má mu ún. Májèlé ni."

Ẹnì kan ké lẹ́yìn pé, "Ó ti kọ̀! Ẹ rí i, ó ti kọ̀!" Ìyá mi wò mí. Ohun tó wà lójú rẹ̀ kò ṣeé kọ, nítorí òun náà mọ iye tí ife yẹn jẹ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Bàbá onílé.

"Bàbá, ọwọ́ mi ní kí n má mu ún. Mi ò ní mu ún."

Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀, mi ò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀ láéláé. Inú rírun mú àwọn tó mu ún, àwọn kan gbé e sùn. Àmọ́ ife yẹn ni ọ̀nà tó yá jù lọ tí ìyá mi lè gbà wẹ ara rẹ̀ mọ́, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di dandan kí n wá ọ̀nà mìíràn fún un.

Bàbá onílé ní ká kó jáde. A kó lọ sí Ìpọ̀nrí, sí yàrá kékeré kan lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ìyá mi kò rí ẹni ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ àti ṣúgà. Òórùn epo kúrò nínú gèlè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò yé ká ọwọ́ sẹ́yìn tó bá dé ibi omi. Kò sì sí ìdí fún un mọ́. Ó tún kọ́ àṣà tuntun kan: kí ó tó mu omi, á gbé ife sí imú, á gbóòórùn rẹ̀, á wá mu ún. Mo máa ń wò ó, inú á máa bí mi títí ojú á fi máa ta mí.

Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, omi abẹ́ òpópónà wa àtijọ́ ni mo ní màá ṣèwádìí. Mo ká rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara lé èjìká, mo mú okùn ìwọ̀n, mo padà sí Àgùdà. Bàbá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí dúrọ́ọ̀mù ìyá mi máa ń wà.

"Kí lo tún wá ṣe?"

"Ẹ káàsán, Bàbá. Mo wá wọn omi."

"Omi ò ṣeé wọ̀n, àfi tó bá wà nínú garawa."

Mo fi okùn wọn bí omi ṣe jìn sí ẹnu kànga rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò lè sọ nǹkan kan, torí ẹnu kànga kì í dọ́gba: onílé kan á to búlọ́ọ̀kù gíga yí i ká, onílé mìíràn á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ bí ẹnu kànga kan ṣe ga ju èkejì lọ. Ohun tí rọ́bà wà fún nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń fi mọ̀ bóyá ògiri dọ́gba: ẹ bu omi sínú rẹ̀, ẹ na orí rẹ̀ méjèèjì, omi ibí àti omi ọ̀hún kò ní ga ju ara wọn lọ. Mò ń bá a jà lémi nìkan, orí kan lọ́wọ́ mi, orí kejì lórí àpótí, nígbà tí Bàbá onílé kò lè gbà á mọ́ra mọ́.

"Gbé e sókè! Afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Mú un wá ńbí."

Bó ṣe di orí kejì mú nìyẹn. A ti ilé dé ilé, láti kánáà títí dé òkè, ó ń bá mi jà ní gbogbo ọ̀nà pé mi ò mọ rọ́bà dì mú. Bí a ṣe ń gòkè ni ojú omi abẹ́ ilẹ̀ ń gòkè bá wa. Láàárín ilé epo sí kánáà, ti ìtòsí ilé epo ló ga jù, ilé wa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lójú ọ̀nà kánáà gan-an. Kànga tó wà lẹ́yìn ilé epo, níbi tó tún ga ju ibẹ̀ lọ, mọ́ tónítóní. Kànga tó wà nísàlẹ̀ ilé epo gan-an, wọ́n ti pa á tì. Bàbá ṣí páànù orí rẹ̀, ó tẹ orí bọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Ta ló ń ta kẹrosíìnì nínú ilé yìí?" ló bi obìnrin tó ń gbé ibẹ̀.

"Kò sí o, Bàbá. A ò mọ ohun tó ṣe omi yẹn. A kàn ní ó ti gbó ni."

Ó jókòó sẹ́nu kànga náà pẹ̀lú orí rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ní omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni," ló wí.

"Epo náà, Bàbá. Òun náà kò ṣàn kọjá wa."

A jọ lọ bá máníjà ilé epo náà lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ gbogbo ẹjọ́ wa nínú yàrá tútù rẹ̀. Ó ní táńkì òun kò jò. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún Bàbá onílé ní kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì tí ń mójú tó omi. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá. Àwa rí i tó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ máníjà, a rí ìgò mínírà tútù tí wọ́n gbé wọlé fún un. Ọ̀sán ló dé kànga wa, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti fa omi. Ó yọjú wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ padà wá ní ìdájí," ni mo wí. "Ìdájí nìkan lẹ máa rí i."

"Ìjọba kì í jí bẹ́ẹ̀," ló dá mi lóhùn. Ó wá yíjú sí Bàbá onílé. "Mo gbọ́ pé obìnrin kan ń ta kẹrosíìnì nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Ẹ dí kànga yìí."

Èmi kò sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un. Bàbá onílé kò sọ ọ́. Wọ́n dí kànga náà. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ méruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri ni ilé yẹn ti ń ra omi.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá onílé wá wa kàn ní Ìpọ̀nrí. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé àga fún un. Kò jókòó.

"Wọ́n wú táńkì kan jáde nílé epo yẹn láàárọ̀ yìí," ló wí. "Nígbà tí ẹ̀yin Kristẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo wò ó. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó lu bí asẹ́. Wọ́n yára da tapólì bò ó, wọ́n gbé e lọ, wọ́n gbé tuntun sínú ilẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní kí n bá tèmi lọ."

Ìyá mi gbé àga náà sún mọ́ ọn sí i.

"Ìyá elépo," Bàbá wí, "ẹ bá mi bu omi mu."

Gbogbo wa ló mọ ohun tó ń tọrọ. Ìyá mi dìde, ó lọ sídìí àmù, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sẹ́yìn. Mo fẹ́ dìde bu omi náà. Ó mi orí sí mi. Ó na ọwọ́ ara rẹ̀, ó bu omi náà fúnra rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bàbá onílé mu ún tán, kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀.

"Ẹnì kan wà níta," ló wí. "Ojú ń tì í ni."

"Ẹ ní kó wọlé. Àbí ilé mi ti di yunifásítì tí kò lè wọ̀?"

Ìyá ẹlẹ́wà wọlé pẹ̀lú abọ́ tó bò. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí abọ́, ó gbé e sún mọ́ ìyá mi. "Ẹ gbóòórùn ẹ̀," ló wí, ẹkún sì ti gbà á lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀ dáadáa."

Ìyá mi gbóòórùn ẹ̀wà náà, ó fi ìka kan tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ò tó," ló wí.

Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́ nítorí àìmọ̀ ti wá bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn ti tán.

Ó ku ẹ̀yin tó mọ̀. Máníjà, ojoojúmọ́ lẹ ń ki ọ̀pá bọ táńkì yín láti mọ ìwọ̀n epo tó kù. Nígbà tó ń dín ju ohun tẹ́ ẹ tà lọ, ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Ìgbà wo lẹ mọ̀, oṣù mélòó lẹ sì fi dákẹ́? Tí táńkì yín kò bá jò, kí ló dé tó jẹ́ àkókò ìsìn lẹ wú u? Ẹ̀yin ọ̀gá tó wá lọ́sàn-án, ta ló sọ fún yín pé obìnrin kan ta kẹrosíìnì rí nínú ilé wa? Ẹ̀yin tí ẹ rán an, ṣé ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ tó sọ kúrò nínú ìwé yín, àbí ó ṣì wà níbẹ̀ pé ọwọ́ ìyá mi ló ba omi jẹ́? Epo tó ṣì ń rìn lábẹ́ Àgùdà lọ sí kánáà ńkọ́, ta ló ń wọ̀n ọ́n?

Ìyá mi ṣì wà láyé. Ó ṣì ń gbóòórùn gbogbo ife omi kó tó gbé e fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mi ò béèrè kàlẹ́ńdà. Ẹ wá sí Ìpọ̀nrí, kí ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ sí i létí pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Èwo nínú yín ló máa kọ́kọ́ dáhùn?